Ìtọ̀ Tí Kì Í Ṣe Tèmi

Mo ti pé ọmọ ogún ọdún nígbà tí mo jí ìtọ̀ ẹlòmíràn gbé. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ tí kò fi ní dà bí ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀. Ẹ̀rín ni àwọn ọmọ mi kọ́kọ́ rín nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún wọn. Kí n tó sọ ọ́ tán, kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́ nínú wọn.

Ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá mi ni mo ń gbé nígbà náà, ní Mushin, nínú ilé ọlọ́pọ̀ yàrá kan tí gbogbo wa jọ ń lo balùwẹ̀ kan ṣoṣo. Ogun ti parí, àwọn sójà ló ń ṣèjọba, gbogbo ẹni tó bá níwèé díẹ̀ lọ́wọ́ ló sì ń forí lé Èkó. Àǹtí ni mo ń pè é, bí gbogbo àdúgbò ṣe ń pè é. Opó ni, kò sì bímọ. Aṣọ ilé-ìwé ni ó ń rán nínú ìsọ̀ kékeré kan níwájú ilé, lórí máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Ìyá mi fi mí ránṣẹ́ sí i láti Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí mo rí àyè sí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Yábàá, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wa bí a ṣe ń yẹ ẹ̀jẹ̀, ìgbẹ́ àti ìtọ̀ aláìsàn wò.

Iṣẹ́ òwúrọ̀ mi nínú ilé kò pọ̀. Mo máa ń pọn omi, mo máa ń gbálẹ̀, mo sì máa ń da póò Àǹtí nù, nítorí ẹ̀yìnkùlé ni ṣáláńgá wà, ó sì jìnnà sí ẹni tó bá jí lóru. Dída póò nù kò tì mí lójú rárá. Ohun tí ọmọ ń ṣe fún ìyá rẹ̀ ni.

Olùkọ́ tó ń kọ́ wa nípa ìtọ̀ jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kóòtù funfun rẹ̀ máa ń le gan-gan pẹ̀lú sítáàṣì. Kò sí ohun tí í rí i lára. Á gbé ìgò ìtọ̀ sókè síbi fèrèsé, á máa wò ó bí ẹni tó ń wo gíláàsì ọtí níbi ìnáwó.

"Ẹ má yímú," ó sọ fún wa lọ́jọ́ àkọ́kọ́. "Ohun tí aláìsàn kò lè fẹnu sọ fún dókítà, inú ìgò yìí ló wà."

Ó kọ́ wa pé ìtọ̀ ẹni tí ara rẹ̀ dá máa ń ní àwọ̀ koríko gbígbẹ. Pé ó máa ń mọ́ sí i bí ẹni náà bá mu omi púpọ̀, tí ó sì máa ń pọ́n bíi tíì tí kò ní mílíìkì bí oòrùn bá ti pa á látàárọ̀. Bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ̀ ọ́, ó gbọ́dọ̀ mọ́ gaara. Òórùn rẹ̀ kì í le. Bí ó bá pẹ́ nílẹ̀ ló ń di èyí tó ń ta èèyàn nímú bíi ti ẹ̀yìn ògiri ibùdókọ̀. Bí a bá ki bébà búlúù kan tí wọ́n ṣe fún àyẹ̀wò bọ inú rẹ̀, bébà náà á pọ́n díẹ̀, nítorí pé ìtọ̀ máa ń kan níwọ̀nba. Omi ló pọ̀ jù níbẹ̀, lẹ́yìn náà iyọ̀, àti pàǹtí tí kíndìnrín sẹ́ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀. Bí a bá sì sè é, kò gbọ́dọ̀ sí ohun tó máa dì funfun bí ẹyin tó wọ omi gbígbóná. Ṣúgà náà kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀ rárá.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ó pín bébà kéékèèké tó kọ nọ́ńbà sí fún wa. Ó ní kí kálukú wá ìgò mímọ́ nílé, kí ó lẹ nọ́ńbà rẹ̀ mọ́ ọn, kí ó sì gbé ìtọ̀ tó bá kọ́kọ́ tọ̀ bí ó bá jí wá lọ́jọ́ kejì.

"Ọ̀dọ́ ni yín, ara yín le. Ìtọ̀ tó dára ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ kí n tó fi èyí tí kò dára hàn yín. Mi ò fẹ́ gbọ́ àwáwí."

Àwa obìnrin mẹ́ta péré ló wà nínú kíláàsì yẹn. Àwọn ọkùnrin lé ní ogún.

Bí mo ṣe jí ní Ọjọ́ Ẹtì, mo rí i pé nǹkan oṣù mi ti dé.

Mo jókòó sórí ẹní mi, ìgò tí mo ti fọ̀ wà lọ́wọ́ mi. Mo mọ ohun tí ẹ̀jẹ̀, bó ti wù kó kéré tó, máa ṣe nínú ìtọ̀ tí a bá gbé kaná. Á dì. Olùkọ́ á gbé e sókè síbi fèrèsé, á pe gbogbo èèyàn kí wọ́n wá wò ó, àwọn ọmọkùnrin yẹn á sì mọ̀. Mo lè pe olùkọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n sọ fún un. Lójú mi lónìí, ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan ni. Ṣùgbọ́n mi ò tíì sọ ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù létí ọkùnrin kankan rí, títí kan bàbá tó bí mi. Ẹnu mi kò lè gbé e.

Àǹtí wà níta, ó ń fọ eyín. Mo gbé póò rẹ̀ jáde bí mo ṣe máa ń gbé e. Nígbà tí mo dé ẹ̀yìnkùlé, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo da díẹ̀ sínú ìgò mi, mo sì da ìyókù nù. Mo dé ìgò náà, mo fi aṣọ wé e, mo fi í sínú báàgì.

Ẹni tó bá mọ Àǹtí á mọ̀ pé ohun tí mo ṣe kì í ṣe kékeré. Bí ó bá ya irun, gbogbo èyí tó já ló máa ń ṣà jọ tó ń jó níná, èékánná rẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹni ibi má baà rí i lò. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ni mo gbé ìtọ̀ rẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Yábàá láìtọrọ.

Nínú yàrá àyẹ̀wò, ìgò mi ló mọ́ jù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí omi. Inú mi kọ́kọ́ dùn, torí mo rò pé ìyẹn ni pé ó dára ju ti gbogbo èèyàn lọ. Ṣùgbọ́n a ní gíláàsì kan tó máa ń léfòó, tí a fi ń mọ bí ìtọ̀ ṣe wúwo tó: bí ìtọ̀ bá fúyẹ́, gíláàsì náà á rì wọlé, bí ó bá wúwo, á yọrí. Nínú tèmi, ó yọrí gan-an. Ó yọrí ju ti ọmọkùnrin tó dúró tì mí lọ, bẹ́ẹ̀ ìtọ̀ tirẹ̀ pọ́n bí epo.

Olùkọ́ ń kọjá lọ, ó dúró.

"Èyí tó mọ́ báyìí yẹ kí ó fúyẹ́," ó ní. "Kí ló sọ ọ́ di wíwúwo?"

"Mi ò mọ̀, sà."

Ó ní kí n yẹ ṣúgà wò nínú rẹ̀ níṣojú òun. Mo da oògùn búlúù sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, mo kán ìtọ̀ sí i lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, mo sì gbé e lé iná. Bí ìtọ̀ bá dára, búlúù yẹn kì í yí padà. Tèmi di àwọ̀ ewé. Ó di àwọ̀ ìyeyè. Kí n tó mí kanlẹ̀, ó ti pọ́n bíi bíríkì, ó sì ti silẹ̀ sí ìdí ìgò bí ẹrọ̀fọ̀.

Olùkọ́ gba ìgò lọ́wọ́ mi, ó mú mi lọ síbi fèrèsé, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ṣé òǹgbẹ máa ń gbẹ ọ́ gan-an?"

"Rárá, sà."

"O máa ń dìde tọ̀ lóru? O ń rù?"

"Rárá, sà."

Òótọ́ ni mo ń sọ nípa ara mi. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń béèrè ni mo ń rí i pé Àǹtí ni gbogbo ìbéèrè yẹn ń bá wí. Àǹtí ni kì í fi ife omi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì. Póò tirẹ̀ ló máa ń kún dẹ́nu láràárọ̀. Àwọn bùbá rẹ̀ ló ti ń dín láti nǹkan bí ìgbà ọdún Àjíǹde, tí àwọn oníbàárà sì ń yìn ín pé ó ń padà di ọmọge.

Olùkọ́ gbé ọwọ́ lé mi léjìká. "Má bẹ̀rù. Gbé òmíràn wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí ó bá tún rí báyìí, èmi fúnra mi ló máa mú ọ lọ rí dókítà."

Lọ́sẹ̀ kejì, mo gbé tèmi gan-an lọ. Búlúù ni oògùn náà wà. Olùkọ́ tún un ṣe, ó tún jẹ́ búlúù. Ó yíjú sí mi, ó ní kí ni mo rí sí i. Ó yẹ kí n sọ ọ́ níbẹ̀. Mo wo àwọn ọmọkùnrin tó na ọrùn láti gbọ́, mo sì sọ pé ìgò oògùn ikọ́ tó ní ṣúgà ni mo lò lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé bóyá mi ò fọ̀ ọ́ dáadáa.

Ojú rẹ̀ yí padà. "Ọ̀bùn!" ó pariwo. "Ọ̀bùn ni ọ́! Bó bá jẹ́ aláìsàn ni, ṣé o mọ̀ pé ìgò ìdọ̀tí rẹ lè pa á?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn títí a fi jáde, Oògùn Ikọ́ ni wọ́n ń pè mí. Yẹ̀yẹ́ tí mo torí àtisá fún un jalè, ó padà wá bá mi náà.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ìtìjú tí mo ń sọ. Ti ilé ni mò ń sọ.

Mo mọ̀ pé àtọ̀gbẹ, àrùn ṣúgà, ló ń ṣe Àǹtí, mi ò sì sọ nǹkan kan. Bí mo bá sọ pé ṣúgà wà nínú ìtọ̀ rẹ̀, á bi mí pé níbo ni mo ti rí ìtọ̀ òun. Mo ń rò ó lọ́nà oríṣiríṣi, kò sí èyí tí mi ò ní dà bí olè tàbí àjẹ́ nínú rẹ̀. Mo ń sọ fún ara mi pé bóyá àyẹ̀wò yẹn kò tọ́, pé akẹ́kọ̀ọ́ lásán ni mí. Láràárọ̀ ni mò ń da póò náà nù, tí mò ń rí eèrà tó ń tò lọ síbi tí ó bá ti kán sílẹ̀, tí mò ń fi omi ṣàn án kí ẹlòmíràn má baà rí i. Bí oòrùn ọ̀sán bá mú, Àǹtí á rán mi ní míńírà ẹlẹ́rìndòdò tútù méjì. Mo ń lọ rà á. Mo ń ṣí i fún un. Mo ń dúró tì í títí ó fi máa mu ún tán, kí n lè dá ìgò padà.

Oṣù mẹ́ta kọjá bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, abẹ́rẹ́ máṣíìnì kán, èyí tó bọ́ sílẹ̀ sì gún un lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, nítòsí ọmọ-ìka. Ó yọ ọ́, ó bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ọkùnrin tó ń ta oògùn lẹ́bàá ọ̀nà fún un ní oògùn aláwọ̀ elésè àlùkò kan tó ń kùn sójú egbò. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, egbò náà ń fẹ̀ sí i. Mo ní ká lọ sí ọsibítù.

"Nítorí abẹ́rẹ́?" ó ní. "Kò tiẹ̀ dùn mí. Tẹ̀ ẹ́ wò."

Mo tẹ̀ ẹ́. Kò mira. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé agbára ni.

Olùkọ́ ti sọ ọ́ fún wa ní kíláàsì pé egbò ẹsẹ̀ tí kò dun ẹni tó ní ṣúgà lára, òun ló yẹ ká bẹ̀rù jù. Síbẹ̀, dípò kí n jẹ́wọ́, irọ́ mìíràn ni mo tún wá pa. Mo sọ fún Àǹtí pé wọ́n ní kí a gbé ìtọ̀ ará ilé wa wá fún ẹ̀kọ́.

Ó gbé aṣọ tó ń rán sílẹ̀. "Ìtọ̀ tèmi? Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Ẹ̀kọ́ ni, Àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́."

"O ò ní gbé e fún ẹlòmíì?"

"Rárá, mà."

"Ìwọ fúnra rẹ lo máa ṣe é, tí wàá dà á nù?"

"Èmi ni."

"Tó bá jẹ́ ìwọ ni, kò burú," ó ní, ó sì gbé aṣọ rẹ̀ padà. Bí ó ṣe rọrùn tó nìyẹn. Ká ní mo tọrọ rẹ̀ lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ náà ló máa fún mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé e fún mi nínú ìgò tó ti fi omi gbígbóná ṣàn, ó fi èékù aṣọ ilé-ìwé tuntun wé e. Mo gbọ́ tó ń sọ fún oníbàárà kan pé ọmọ òun fẹ́ lọ fi ẹ̀rọ òyìnbó wo inú òun.

Ó tún pọ́n bíi bíríkì. Mo sọ fún olùkọ́ pé ti ará ilé mi kan ni, mo sọ ti egbò. Kò béèrè nǹkan mìíràn, ó kọ lẹ́tà sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Mo sáré délé, mo ṣe bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé: "Àǹtí, ìtọ̀ yín ní ṣúgà o! Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká máa lọ!"

Ìka ẹsẹ̀ méjì ni wọ́n gé. Dókítà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti rẹ̀, sọ pé ká ní a tètè wá ní oṣù méjì, mẹ́ta sẹ́yìn, kí wọ́n ti fi oògùn àti oúnjẹ tọ́jú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má gé nǹkan kan.

"Dókítà, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ yìí ni," Àǹtí dá a lóhùn látorí bẹ́ẹ̀dì. "Òun ló rí i."

Lọ́jọ́ Ìsinmi kejì lẹ́yìn tó padà sílé, ó ní ká lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó fi ọ̀pá rìn dé iwájú, ó sọ ìtàn náà: bí ikú ṣe wà nínú òun tí òun kò mọ̀, bí ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ṣe lo ìwé tó kà láti fi yọ òun. Lẹ́yìn náà ló pè mí jáde. Ìjọ kọrin. Àwọn ìyá ìjọ gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ní ọmọ tèmi náà á tọ́jú mi bẹ́ẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ níbi tí àwọn obìnrin yòókù ti ń kúnlẹ̀, nítorí pé mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ojú mi. Wọ́n rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni.

Mi ò lè jẹun ọ̀sán. Àǹtí béèrè ohun tó ń ṣe mí. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ tí wọ́n fi báńdéèjì wé, mo sì sọ gbogbo rẹ̀: nǹkan oṣù, póò, ìgò, bíríkì, irọ́ oògùn ikọ́, àti irọ́ kejì.

"Láti ìgbà wo?"

"Ó lé ní oṣù mẹ́ta, mà."

"Míńírà tó o ń rà fún mi ńkọ́?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

"O ń ṣí i fún mi," ó ní. Ó wò mí bí ẹni tó ń wá ojú ẹnì kan tó mọ̀. "O ń dúró tì mí."

Kò sọ fún mi pé kí n dákẹ́. Nígbà tó yá, ó ní: "Má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ti dúpẹ́ níwájú ìjọ, mi ò lè padà lọ sọ pé irọ́ ni mo pa fún Ọlọ́run." Ni mo bá rí i pé mo ti sọ ọ́ di alábàápín nínú irọ́ mi.

Kò lé mi kúrò nílé. Kò kọ̀wé sí ìyá mi. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí mo wọlé wá gbé póò, mo rí i pé ó ti gbé e fúnra rẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, mò ń wò ó bó ṣe ń ti ọ̀pá lọ sí ẹ̀yìnkùlé, tó ń fi ọwọ́ kejì gbé póò, tó ń dúró sinmi lójú ọ̀nà. Mo sáré bá a. "Fi í sílẹ̀," ó ní, kò sì wo ojú mi. Ayálégbé kan tó ń fọṣọ wò mí tìyanu-tìyanu, pé irú ọmọ wo nìyí. Bó ṣe rí nìyẹn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ń kí mi, mò ń kí i, ó ń jẹ oúnjẹ tí mo bá sè, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Dókítà ti ní kí ẹnì kan máa yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò nílé, kí ó sì máa kọ ọ́ sínú ìwé. Mo ti ra oògùn búlúù àti iná sípíríìtì kékeré, mo kó wọn pamọ́ sábẹ́ tábìlì, mi ò lè béèrè ìtọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé kan, bí mo ṣe ń múra ilé-ẹ̀kọ́, mo bá ìgò ìtọ̀ kan lórí tábìlì, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Àǹtí jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó kọjú sí ògiri.

"Ṣé o ò ní pẹ́ dé iléèwé?" ó ní.

Mo tan iná.

Láti ọjọ́ yẹn ni a ti ń ṣe é láràárọ̀. Á bi mí pé, "Kí ló wí?" Èmi á sọ ohun tí mo rí, búlúù bí kò bá sí ṣúgà, ewé bí ó bá jẹ́ díẹ̀, màá sì kọ ọ́. Lọ́jọ́ kan báyìí, tí a ti ń ṣe é bọ̀ fún nǹkan bí ọdún kan, ó pọ́n. Mo wo ojú rẹ̀. Ó wo ilẹ̀. Ìyàwó kan nílé kejì ló ṣe ìsọmọlórúkọ lọ́jọ́ tó ṣáájú, Àǹtí sì ti jẹ kéèkì, ó tún mu míńírà lé e.

"Má kọ ọ́," ó ní, ohùn rẹ̀ kéré. "Kọ ewé. Dókítà yẹn máa ń bá mi wí bí ọmọdé."

Ọwọ́ mi wà lórí ìwé. Mo jẹ obìnrin yìí ní gbèsè ju ohun tí mo lè san lọ, kò sì tíì tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ mi láti ọjọ́ tí mo ti jẹ́wọ́.

"Àǹtí, ó pọ́n," mo ní.

Ó pòṣé. Ó fa ìró rẹ̀ so, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó dìde lọ síbi máṣíìnì. Nígbà tó dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó dúró.

"Ó dáa," ó ní. "Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."